Sukudiráfà oníbátìrì wo ló yẹ àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń lọ láti ilé dé ilé?

Ọ̀gá Sólà Ọbáńtokò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́. Abẹ́òkúta la fi ṣe ibùdó, ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà ló ń jáde lójoojúmọ́. Inverter, sólà àti AC la ń tún ṣe. Wọ́n ń lọ sí Àṣerò, Adìgbẹ́, Oníkólòbó, wọ́n sì ń bọ́ sóko títí dé Ọ̀dẹ̀dá, Ewékorò àti Ayétòrò. Ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn, àpò ẹ̀yìn kan ṣoṣo ló gba gbogbo irinṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Sukudiráfà ọwọ́ ni wọ́n ṣì ń lò, mo sì fẹ́ ra oníbátìrì fún wọn. Ohun tí mo rí lọ́jà pọ̀: fólítì 3.6 tó gùn gbọọrọ bí tọ́ọ̀ṣì, fólítì 12 tó ní ìdìmú bí ìbọn, àti 18 tàbí 20 tó tóbi. Ẹni tó ń tà á ní kí n kó 20 fún gbogbo wọn, pé bí agbára bá ti pọ̀, kò síṣẹ́ tí kò ní ṣe. Ṣé ká gbọ́ tirẹ̀? Ọ̀rọ̀ ṣáàjì náà ń kọ mí lóminú, torí iná ọba kì í dúró lójú kan.

Ìyá Wáyà

Ẹ kú iṣẹ́ náà, ọ̀gá. Ẹ fi 20 sílẹ̀ fún káfíńtà. Kí ẹ tó yan ẹ̀rọ, ẹ ka súkúrù ná.

Súkúrù tó de ìdérí inverter sábà máa ń jẹ́ M4, ìyẹn èyí tó nípọn ní mílímítà 4, èyí tó mú bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ sì máa ń jẹ́ M3. M3 tó wọ inú irin, bíi Nm 1.2 ló ń gbà (Nm la fi ń wọn agbára ìyí). M4 ń gba bíi 3, M5 bíi 6, M6 bíi 10. Èyí tó bá wọ inú rọ́bà kì í sábà fẹ́ tó 1. Ẹ wá wo ẹ̀yìn páálí fólítì 20, ẹ ó rí 40 tàbí 50 níbẹ̀. Bí ìka ọmọ iṣẹ́ bá pẹ́ díẹ̀ lórí tírígà, orí súkúrù á já, tàbí kí eyín inú ihò rẹ̀ jẹ. Kódà 3.6 kékeré tí wọ́n kọ 5 sí lára, agbára tó gbé dání ju ìlọ́po mẹ́rin èyí tí M3 ń fẹ́ lọ. Torí náà, ohun tí ẹ máa bi ọlọ́jà ni bóyá agbára rẹ̀ ṣeé dín kù, àti títí dé ibo.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ẹ ń rà gan-an. Ẹ mú súkúrù M4 tó gùn ní mílímítà 10. Tí a bá yí i po lẹ́ẹ̀kan, mílímítà 0.7 ló ń wọlé. Ìyípo 14 nìyẹn kó tó wọlé tán. Ọrùn ọwọ́ èèyàn kì í yí ju ìdajì ìyípo lọ lẹ́ẹ̀kan, ó di ìgbà 28 tí a máa lọ́ ọwọ́ nítorí súkúrù kan. Ẹ̀rọ tó ń yí po ní ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú àáyá 4 sí 5 ló máa fi parí ẹ̀. Yíyí yẹn lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ìyípo tó kẹ́yìn, tí súkúrù fi ń le, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọwọ́ wọn.

Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, orí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa há fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá mú ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Ẹ dán an wò ní ìsọ̀ kí ẹ tó sanwó: ẹ ki bíìtì, ìyẹn irin ẹnu tó ń wọ orí súkúrù, bọ̀ ọ́, ẹ má tẹ nǹkan kan, ẹ di bíìtì mú ṣinṣin kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì yí ìdìmú. Bí orí bá ń yọ̀ yí, ẹ gbé e padà fún un.

Ohun kejì ni kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn òrùka onínọ́ńbà tó wà lọ́rùn rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe Nm o. 5 lára ẹ̀rọ kan lè bá 9 lára òmíràn dọ́gba. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1, ẹ jẹ́ kó wọ súkúrù lọ títí á fi máa dún ta-ta-ta. Bí orí súkúrù ò bá tíì jókòó, ẹ gbé òrùka sókè lẹ́yọ kan, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà tí orí bá ti jókòó dáadáa, ẹ fi máákà sàmì sí i lára: pupa fún rọ́bà ojú AC, dúdú fún ìdérí inverter. Ọmọ iṣẹ́ tó ń kánjú kì í ka nọ́ńbà, àmọ́ ojú rẹ̀ á rí àwọ̀.

Òkè Páànù

Ọ̀rọ̀ Ìyá Wáyà gún régé fún ẹni tó wà nínú yàrá. Lókè òrùlé ńkọ́?

Súkúrù tí a fi ń de irin tó gbé pánẹ́ẹ̀lì sólà mọ́ òrùlé, ẹnu rẹ̀ rí bíi ti dírílì, fúnra rẹ̀ ló ń lu ihò. Kó tó lè jẹ irin dáadáa, ó ń fẹ́ kí a yí i po ní bíi 1,500 sí 2,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ oníyìípo 200 lé e, ṣe ni yóò máa yọ̀ kiri lójú páànù, á ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò, ẹnu súkúrù á gbóná, á sì kú láì tíì wọlé. Fólítì 12 onígíà méjì ni mo máa rà fún ẹni tó ń gun òrùlé. Gíà kìíní, bíi 400. Gíà kejì, bíi 1,500. Agbára ìyí rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 30. Ó tó, kò sì wúwo bíi 20. Ẹni tó ń fi ọwọ́ kan di àkàsọ̀ mú mọ ohun tí mò ń sọ.

Wọ́ṣà rọ́bà abẹ́ súkúrù yẹn lẹ máa fi mọ iṣẹ́ ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bẹ́ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, rọ́bà gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ báyìí létí irin tó bò ó, bí ìgbà tí ètè bá sún mọ́ra. Bí rọ́bà bá ti pẹ̀ jáde yí ká bí àkàrà tí a tẹ̀, wọ́n ti fún un jù. Oòrùn á la á, òjò á gba ibẹ̀ wọlé. Bí ẹ bá sì fi ìka yí wọ́ṣà tó yí, kò tíì le tó. Ẹ fi gíà kejì lu ihò, bí ẹnu súkúrù bá ti la irin kọjá kí ẹ rọra tẹ tírígà títí á fi jókòó. Kí wọ́n gbá gbogbo ẹ̀rúnrún irin kúrò lójú páànù kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Òjò kan péré, gbogbo rẹ̀ á dípẹtà, onílé á ní ẹ ti ba òrùlé òun jẹ́, òótọ́ ló sì sọ.

Orí súkúrù náà ní igun mẹ́fà. Ẹ ra bíìtì oníhò mílímítà 8 olóòfà, méjì fún ẹnì kan, torí ọ̀kan á já bọ́ sínú igbó.

Ọmọ Láfẹnwá

Ẹ jọ̀ọ́, impact driver ńkọ́? Ó kúrú ju dírílì lọ, agbára ẹ̀ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òkè Páànù

Àbúrò, ìyẹn ń yí ni, ó sì ń lù. Púpọ̀ nínú wọn ju Nm 100 lọ, kò sì ní kílọ́ọ̀ṣì. Ó dáa fún súkúrù gígùn nínú pákó àti bóòtù tó ti gan. Ẹ gbé e lé súkúrù bírékà, bírékà á là sí méjì. Ẹyọ kan nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́dọ̀ ọ̀gá tó. Kó má wọ àpò ọmọ iṣẹ́ rárá.

Ọ̀gá Sólà Ọbáńtokò

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ní kí wọ́n kà á bí Ìyá Wáyà ṣe sọ. Inverter kan, súkúrù ìdérí 8 sí 14. AC, tí wọ́n bá tú ti inú àti ti òde, bíi 20. Àwọn méjì ló ń gun òrùlé, mẹ́rin kì í kọjá inú ilé. Àmọ́ iṣẹ́ orí bátìrì inverter àti bírékà ń yọ gbogbo wọn lẹ́nu. Ṣé ẹ̀rọ kan náà á ṣe é?

Ìyá Wáyà

Orí bátìrì kì í ṣe iṣẹ́ sukudiráfà rárá, ì báà ní bátìrì, ì báà má ní. Bóòtù ni, sípánà ló ń fẹ́, kí wọ́n sì fi téèpù wé gbogbo ara sípánà yẹn ku ẹnu. Sípánà tó bá kan rere àti òdì lẹ́ẹ̀kan náà á pọ́n bí ẹyín iná. Òrùka àti aago, kí wọ́n bọ́ ọ sápò kí wọ́n tó tẹ̀ ba bátìrì. Ìwé tó bá bátìrì wá ló ń sọ bí bóòtù rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ le tó.

Bírékà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nm tó ń fẹ́ sábà máa ń wà níbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Ti ilé gbígbé máa ń wà láàárín 2 sí 3.5. Bó bá rọ̀, ibi tí bàbà ti kan irin á máa gbóná, rọ́bà wáyà á yí padà sí àwọ̀ ìyeyè, á di dúdú, á wá jó. Bó bá le jù, á gé lára àwọn fọ́nrán wáyà, èyí tó kù á máa ru ẹrù gbogbo wọn, gbígbóná náà ló tún máa yọrí sí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yí i wọlé lórí kílọ́ọ̀ṣì tó kéré, kí ọwọ́ parí rẹ̀, kí wọ́n wá fa wáyà náà díẹ̀. Bó bá mì, kò tíì wọ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Rọ́bà tó bo ara ẹ̀rọ oníbátìrì ò lè dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ iná. Irin ni bíìtì, irin ni orí rẹ̀, irin ni gíà inú. Èyí tí wọ́n ṣe fún iná máa ń ní àmì onígun mẹ́ta méjì tó wọnú ara wọn àti 1000 V lára. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n pa iná ná. Pípa iná nílé sólà sì ní ọgbọ́n tirẹ̀: bẹ́ẹ bá pa bírékà inú ilé, pánẹ́ẹ̀lì ṣì ń mú iná wá níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá wà. Ẹ pa suwíìṣì tó wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti inverter, ẹ já bátìrì, ẹ ní sùúrù fún kàpásítọ̀ inú inverter, ohun tó ń tọ́jú iná pa mọ́ fúngbà díẹ̀, kí ẹ sì fi mítà wò ó títí á fi sọ̀ kalẹ̀ sí òdo kí ẹnikẹ́ni tó ki bíìtì bọ inú rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì Ò Purọ́

Ẹ jẹ́ n sọ ti bátìrì, torí ibẹ̀ ni irọ́ ọjà pọ̀ sí jù.

Sẹ́ẹ̀lì lithium kan ń jẹ́ fólítì 3.6, bó bá kún, mítà á ka 4.2. Èyí tí wọ́n ń pè ní 12, sẹ́ẹ̀lì 3 ni: 10.8 lórúkọ, 12.6 bó bá kún. 18 àti 20 kò yàtọ̀ síra, sẹ́ẹ̀lì 5 làwọn méjèèjì, 18 lórúkọ, 21 bó bá kún. Ẹ ó sì rí àwọn tí wọ́n kọ 48 tàbí 88 sí lára gàdàgbà. Ẹ mú mítà lọ sọ́jà, ẹ ní kí wọ́n ṣáàjì ẹ̀ kún, kí ẹ wọn ẹnu bátìrì. Bó bá ka 21, sẹ́ẹ̀lì 5 náà ló wà níbẹ̀, 88 yẹn wà fún ojú lásán.

Wọ́n tún ń purọ́ lórí Ah, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà. Sẹ́ẹ̀lì 18650, tó nípọn mílímítà 18 tó sì gùn ní 65, èyí tó dáa jù nínú wọn ò ju bíi Ah 3.5 lọ. Bí a bá to mẹ́ta tẹ̀ léra, fólítì ló ń pọ̀ sí i, Ah wọn ò yí padà. Bátìrì fólítì 12 oní-18650 mẹ́ta tí wọ́n kọ Ah 6 sí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó kọ ọ́.

Ṣáàjì: 3.6 tó ní Ah 1.5, wákàtí-wáàtì 5.4 ló gbà. Páwà báǹkì 10,000 ní bíi 37 nínú. Tí a bá yọ èyí tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, ó máa kún ẹ̀rọ náà ní ìgbà 4 sí 5. Ìdí tí mo fi fara mọ́ 3.6 fún àwọn mẹ́rin yẹn nìyí: ẹni tó lọ sí Ayétòrò fún ọjọ́ méjì ò nílò iná ọba. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún èyí tó ní ihò Type-C tó jẹ́ pé wáyà Type-C sí Type-C kì í ṣáàjì ẹ̀. Wọn ò fi résítọ̀ kílò-óòmù 5.1 méjì tó yẹ kó wà níbẹ̀ sí i, kí owó lè dín kù, ṣájà tuntun ò sì ní tú iná sílẹ̀ láìrí i. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Wáyà tó ní ẹnu USB fífẹ̀ lápá kan á ṣáàjì ẹ̀. Ẹ fi wáyà yẹn sínú àpò kọ̀ọ̀kan.

Fólítì 12 ti àwọn tó ń gùn, bátìrì méjì fún ẹ̀rọ kan, kí ọ̀kan wà lórí ṣájà bí ìkejì bá ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n má ṣáàjì bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tòkè páànù bọ̀ lọ́sàn-án oṣù kẹta. Bó bá ti ju 45°C lọ, ṣájà tó dáa á kọ̀ ọ́; èyí tí kò dáa á gbà á, ìyẹn ló burú jù. Ẹ gbé e síbòji fún ìdajì wákàtí ná.

Ti àpò ẹ̀yìn kù. Àwọn 3.6 kan wà tó jẹ́ pé bí a bá ti fi ẹnu wọn ti súkúrù ni wọ́n ń yí. Irú èyí, bí ọ̀kadà bá ń fò lójú kòtò, á máa ti ara irinṣẹ́ mìíràn, á máa yí, wọ́n á dé Ewékorò, bátìrì á ti kú. Ẹ wá èyí tó ṣeé tì pa. Oní-tírígà rọrùn: ẹ tẹ bọ́tìnnì iwájú-ẹ̀yìn sí àárín gbùngbùn, tírígà ò ní ṣeé tẹ̀ mọ́.

Ìyá Wáyà

Kí ẹ má sì ṣahun sí bíìtì. Orí alágbèélébùú tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, oríṣi mẹ́ta ni, ojú lásán kì í yà wọ́n. PH ni ti Phillips. PZ ní ìlà tín-ín-rín mẹ́rin láàárín apá àgbélébùú náà, òun ló pọ̀ lára bírékà. JIS ti Japan sábà máa ń ní ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ẹ máa bá a pàdé lára AC àtijọ́. Bíìtì PH nínú JIS kì í dé ìsàlẹ̀, nínú PZ ṣe ló ń mì. Ẹ fi súkúrù sí ẹnu bíìtì kí ẹ fi ìka mì í: bó bá ń jó, ẹ pààrọ̀ bíìtì kí ẹ tó fọwọ́ kan tírígà.

Nínú àpò kan: PH2 kúkúrú mẹ́rin, PH2 gígùn kan fún ibi tó jìn, PH1 méjì, PZ2 méjì, pẹlẹbẹ mílímítà 5.5 kan, T15 àti T20 (ti orí oníràwọ̀) ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí etí PH2 bá ti ń dán tó sì ti rí roboto, ẹ jù ú nù. Kí wọ́n sì máa nu òòfà orí bíìtì kí wọ́n tó ṣí inverter. Ẹ̀rúnrún irin tó lẹ̀ mọ́ ọn lórí òrùlé ló máa já sórí bọ́ọ̀dù.

Ọ̀gá Sólà Ọbáńtokò

Ó ti yé mi. 3.6 oníkílọ́ọ̀ṣì, tó ń há fúnra rẹ̀, mẹ́rin. 12 onígíà méjì, méjì, pẹ̀lú bátìrì mẹ́rin. Ọ̀kan péré ló kù: súkúrù AC ìta tó ti dípẹtà, ṣé 12 ni kí wọ́n fi tú u?

Òkè Páànù

Ẹ̀rọ kọ́ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ orí rẹ̀ títí àgbélébùú á fi mọ́, kí wọ́n kán òróró tó ń tú ìpẹtà sí i, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà, sukudiráfà ọwọ́ tó nípọn, kí wọ́n fi òòlù lu ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n kọ́kọ́ mú súkúrù le díẹ̀ kí wọ́n tó tú u. Bó bá ti yí po lẹ́ẹ̀kan láìfi orí jẹ, wọ́n lè wá gbé 12 lé e lórí gíà kìíní.